Ayò Ṣẹ́ẹ̀sì Ọba Tí Wọ́n Lé Kúrò Nílùú: Paris, 1858

Ní ọdún 1858, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pé ọmọ ọdún 21 wọ ọkọ̀ ojú omi láti Amẹ́ríkà wá sí ilẹ̀ Yúróòpù. Paul Morphy ni orúkọ rẹ̀, ọmọ bíbí ìlú New Orleans. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ òfin yege ní ọdún 1857, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó èyí tí wọ́n fi ń ṣe agbẹjọ́rò, ló bá ń ta ṣẹ́ẹ̀sì kiri. Kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ kì í dùn rárá bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní ẹni tí ń ti ìdí ayò jẹun.

Ní Paris ni ó ti bá ẹnìkan tí òun náà kò sí nílé rẹ̀ pàdé. Charles Kejì ni, ẹni tí ó ti jọba rí ní Brunswick ní ilẹ̀ Jámánì. Díúkì ni wọ́n ń pe oyè náà. Ní ọdún 1830, àwọn ará ìlú dìde sí i, wọ́n dáná sun ààfin, ó sá àsálà, àbúrò rẹ̀ sì gorí ìtẹ́. London ni ó kọ́kọ́ gbé, kí ó tó kọjá sí Paris. Ọkùnrin yìí kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ o. Ìwé ìròyìn kan ní London ti kọ ohun tí kò dára nípa rẹ̀ ní ọdún 1830. Lẹ́yìn ohun tí ó lé ní ọdún 17, ó rán ìránṣẹ́ rẹ̀ lọ ra ẹ̀dà kan ṣoṣo níbẹ̀, ó sì fi ẹ̀dà náà pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní ọdún 1849 ni ilé ẹjọ́ dá a láre, ìlànà ìdájọ́ náà sì wà nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di ọdún 2013 kí wọ́n tó yí i padà.

Díúkì yìí ní ààyè tirẹ̀ ní ilé eré orin Paris. Ibẹ̀ ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Count Isouard, ti forí korí láti bá Morphy ta ṣẹ́ẹ̀sì nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì mú dúdú, Morphy mú funfun.

Ojúlé 64 ni ó wà lórí pátákó ṣẹ́ẹ̀sì. Láti a dé h ni a fi ń pe àwọn ìlà tí ó dúró, láti 1 dé 8 ni a fi ń pe àwọn tí ó dùbúlẹ̀, nítorí náà ojúlé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. K ni ọba, Q ni ayaba, R ni ilé ìṣọ́, B ni bíṣọ́ọ̀bù, N ni ẹṣin. Ọmọ ogun kò ní lẹ́tà. Àmì x ni pé wọ́n jẹ ọmọ kan, àmì + ni pé wọ́n dojú kọ ọba, O-O-O ni pé ọba àti ilé ìṣọ́ jọ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, # sì ni pé ọba ti há. Ẹ gbé pátákó yín sílẹ̀:

1. e4 e5 2. Nf3 d6 3. d4 Bg4 4. dxe5 Bxf3 5. Qxf3 dxe5 6. Bc4 Nf6 7. Qb3 Qe7 8. Nc3 c6 9. Bg5 b5 10. Nxb5 cxb5 11. Bxb5+ Nbd7 12. O-O-O Rd8 13. Rxd7 Rxd7 14. Rd1 Qe6 15. Bxd7+ Nxd7 16. Qb8+ Nxb8 17. Rd8#

Bíṣọ́ọ̀bù tí dúdú gbé jáde ní ìkẹta ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ó di dandan kí ó jẹ ẹṣin ní ìkẹrin, ayaba funfun sì fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà jáde. Ní ìkeje, ayaba náà ń wo ibi méjì lẹ́ẹ̀kan: f7 àti b7. Ayaba dúdú sáré dí f7, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn. Morphy lè jẹ b7 lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n dúdú yóò rí ọ̀nà láti fi ayaba pààrọ̀ ayaba, ayò náà yóò sì falẹ̀. Ó fi oúnjẹ náà sílẹ̀, ó gbé ẹṣin jáde. Lójú tiwa, ìkẹjọ yìí dùn ju ìparí rẹ̀ tí gbogbo ayé ń yìn lọ.

Ní ìkẹsàn-án, àwọn ọlọ́lá méjèèjì ti ọmọ ogun b5 síwájú láti lé bíṣọ́ọ̀bù. Kò lọ. Morphy fi ẹṣin jẹ ọmọ ogun náà, ó fi ẹṣin gba ọmọ ogun méjì, ọ̀nà ọba dúdú sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Láti ìgbà yìí lọ, ẹṣin dúdú tí ó wà ní d7 kò lè yẹ̀ láìjẹ́ pé ọba rẹ̀ wà nínú ewu. Ilé ìṣọ́ funfun kan jẹ ẹ́, wọ́n jẹ ilé ìṣọ́ náà, ìkejì sì gba ipò rẹ̀. Ní ìkẹrìndínlógún Morphy gbé ayaba fún wọn. Ẹṣin dúdú kò ní ohun mìíràn tí ó lè ṣe ju kí ó jẹ ẹ́ lọ, bí ó sì ti kúrò ní d7, ilé ìṣọ́ wọlé tọ ọba lọ.

Yàtọ̀ sí ọba àti àwọn ọmọ ogun, ilé ìṣọ́ kan àti bíṣọ́ọ̀bù kan péré ni ó kù fún Morphy. Ayaba dúdú wà láàyè. Ilé ìṣọ́ dúdú tí ó wà ní h8 àti bíṣọ́ọ̀bù tí ó wà ní f8 kò kúrò níbi tí wọ́n tò wọ́n sí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Morphy padà sílé ní ọdún 1859, kò sì pẹ́ tí ó fi ayò gidi sílẹ̀. Ọmọ ọdún 47 ni nígbà tí ó kú ní New Orleans ní ọdún 1884. Díúkì ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní ọdún 1873, ní Geneva. Ó fi dúkìá rẹ̀ sílẹ̀ fún ìlú náà, ó ní kí wọ́n kọ́ ibojì ńlá fún òun, wọ́n sì kọ́ ọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó mọ Brunswick nítorí ìjọba rẹ̀ kò pọ̀ tó ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nítorí pé Morphy pa á láyò.

Ẹ ó bi wá pé kí ni ó kan àwa ará ìdálẹ̀ nínú èyí. Ẹ rántí oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n ti kọ́lé, tí wọ́n ti ní ìsọ̀ lọ́jà, di ẹrù tí ọwọ́ wọn ká, wọ́n wọ mọ́tò. Ọpọ́n ayò tí a fi sílẹ̀ lẹ́yìn, a lè gbẹ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ta kan ṣe pa ọ̀ta ẹgbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ igi ní àgbàlá, kò sí lórí ìwé kankan. Ẹnu ni ó wà, àwọn ẹnu náà sì ń dákẹ́.

Ayò ọlọ́pọ́n rọrùn láti kọ ju ṣẹ́ẹ̀sì lọ. Ilé 12 ni, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Bí a bá pe ilé ẹni àkọ́kọ́ ní A dé F, tí a pe ti ẹnìkejì ní a dé f, lẹ́tà kan ti tó fún ìtasí kan, nítorí pé ẹni tí ó bá ti kó ọmọ ilé kan kò lè yan ibi tí yóò tà wọ́n sí. Ayò odindi kò ju ìdajì ojú ìwé lọ. Ọmọdé tí ó bá mọ A, B, D lè jókòó ti bàbá àgbà kí ó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí ẹ bá kọ, ẹ kọ orúkọ àwọn tí ó ta á, ìlú tí wọ́n ti ta á àti ọjọ́ rẹ̀ sí i lókè, kí ẹ sì fi lé akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ààyè wà fún un nínú ìwé ti ọdún tí ń bọ̀.