Nígbà tí Èkejì Ìbejì Bá Bàlágà

Láyé àwọn baba ńlá wa, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n a bi Ifá, wọ́n a sì gbẹ́ ère rẹ̀. (Àwọn Fọ̀n aládùúgbò wa kì í ní ó kú, wọ́n ní ó lọ ṣẹ́gi nínú igbó.) Ọmọ jòjòló lè ló kú, àmọ́ àgbà ni wọ́n ń gbẹ́: ọmú yọ, ilà wà lójú. Ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fi osùn kùn ún. Ohun tí wọ́n bá rà fún Táyé, wọ́n a rà á fún Kẹ́hìndé tó lọ.

Bí èyí tó kù bá dàgbà, ìtọ́jú ère lè bọ́ sí i lọ́wọ́. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an lọ́rọ̀ wà: ọmọge tí ọmọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wù ú, tínú rẹ̀ ń dùn, tó sì ń wẹ ère èkejì rẹ̀ tí kò ní mọ irú ìdùnnú yẹn. Kò sẹ́ni tó ní kó gbàgbé.

Nígbà tí fọ́tò dé, àwọn kan fi rọ́pò ère. Stephen Sprague kọ ọ́ ní 1978 pé ní Ìlá-Ọ̀ràngún, wọ́n a ya èyí tó wà láàyè, wọ́n a tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan. Bó bá jẹ́ obìnrin ló kú, ọkùnrin tó kù a wọ aṣọ obìnrin ya èkejì.

Ta ló ṣì ní irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ nílé?