Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti owó ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́

Ní oṣù kẹjọ 1925, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Aṣáájú wọn ni Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin. Ìyà ibùgbé ń jẹ wọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ onílé kì í gba ènìyàn dúdú.

Ní 1929, Ṣólàńkẹ́ wọkọ̀ ojú omi wá sílé. Ó rin Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gánà, àti Sàró. Ó ń bẹ àwọn ọba, ìjòyè àti oníṣòwò, ó sì ń dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó padà ní 1932. Ní 1933, ilé WASU ṣí ní Camden Road.

Ní 1934, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilé tirẹ̀, Aggrey House. WASU kọ̀ ọ́, torí ẹni tó ni ilé ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí Ṣólàńkẹ́ kó jọ ṣí ilé, kò tó láti bọ́ ọ. Kí àwọn ọdún 1930 tó parí, WASU ti gba ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ìjọba kan náà.

Ohun tó ṣaláìní ni owó tí a gbìn, tí èrè rẹ̀ nìkan là ń ná. Irú rẹ̀ ló gbé Harvard àti Oxford ró.

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà ní Totsi, ẹ̀yin tí ọmọ yín ń lọ sí Yunifásítì Lomé, tó ti wà láti 1970: bí ẹ bá ń dáwó ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ ọdún, ẹ má ná gbogbo rẹ̀ tán. Àgbẹ̀ tó jẹ irúgbìn, kí ni yóò gbìn nígbà òjò tó ń bọ̀?