Bẹ́líìtì tí kì í pariwo

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ti Ìgàndò gba Ẹgàn lọ sí LASU ló ti dàgbà. Ẹnu àwọn tó ni wọ́n la ti máa ń gbọ́ pé: "Ohun tí kò bá tíì pariwo, má fọwọ́ kàn án." Ọ̀rọ̀ náà nítàn.

Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, tí wọ́n sì ń to Volkswagen ní Èkó níbí. Ṣéènì ló ń yí camshaft nínú 504. Jíà ló ń yí i nínú Ìjàpá. Bí ṣéènì bá ti ń gbó, á máa dún ṣàkàṣàkà, awakọ̀ á ti gbọ́.

SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, tòkunbọ̀ gbòde. Golf, Camry 2.2, Honda "Baby Boy": timing belt onírọ́bà ni gbogbo wọn ń lò, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Glas ní Jámánì ti fi sínú ọkọ̀ ní nǹkan bí 1962. Rọ́bà kì í kígbe. Ọjọ́ tó bá já, ẹ́ńjìnnì á kú lójú títì. Camry yẹn tilẹ̀ láàánú: písítìnì rẹ̀ kì í kan fáàfù, kí ẹ fi bẹ́líìtì mìíràn sí i ló kù. Ti Honda kọ́! Fáàfù á tẹ̀, ẹ ó sì tú orí ẹ́ńjìnnì. (Ẹni tó ra "End of Discussion" oní-plọ́ọ̀gì mẹ́rin ti bọ́, ṣéènì ló wà níbẹ̀.)

Máìlì 60,000 ni Toyota ní kí a pààrọ̀ ti Camry náà. Tòkunbọ̀ wo la mọ iye tó ti rìn? Bí ẹ bá ra ọ̀kan, ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì àti water pump pọ̀, kí ẹ sì yẹ oil seal wò, torí ọ́ìlì tó bá ń jò sórí rọ́bà máa ń tètè bà á jẹ́.