Oúnjẹ Alẹ́ Nílé Yorùbá, Láti Ìdí Ààrò Dé Fìrísà

Kò sí ìwé kan tó kó ìtàn oúnjẹ alẹ́ ilé Yorùbá jọ. Díẹ̀ wà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921. Díẹ̀ wà nínú iṣẹ́ N. A. Fadipe lórí àwùjọ Yorùbá, tó parí ní 1939 ṣùgbọ́n tí wọn kò tẹ̀ títí di 1970. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí ní Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, kọ àpilẹ̀kọ méjì lórí oúnjẹ àti ìdáná wa ní 1951. Ìyókù wà lẹ́nu àwọn ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í fi gbogbo ìgbà bára mu. Bí mo ṣe tò wọ́n síra, ohun kan ló hàn: iye ọwọ́ tó wà nílé ló ń sọ ohun tí wọn yóò sè lálẹ́.

Kí ọkọ̀ ojú omi Potogí tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa, kò sí àgbàdo, ẹ̀gẹ́ tàbí ata rodo. Iṣu, ọkà bàbà, ẹ̀wà àti ataare ni wọ́n ń jẹ.

Lórí gàrí, awuyewuye pọ̀. Àwọn kan ní Potogí ló mú un wá. Ẹ̀gẹ́ ni Potogí mú wá, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kíkorò ní májèlé. Àfi ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń rin ín, tí wọ́n ń tẹ omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì ń yan án ló lè sọ ọ́ di gàrí. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún mọ iṣẹ́ náà dáadáa, ìgbà tiwọn ni gàrí sì gbilẹ̀ l'Ékòó àti agbègbè rẹ̀. Ọwọ́ wọn ni mo fi oyè náà sí.

Agbo ilé ayé àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lé lórí jù. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní ààrò tirẹ̀, òkúta mẹ́ta tàbí àdògán, pẹ̀lú ìkòkò ọkà àti ìṣaasùn ọbẹ̀, ó sì ń bọ́ ọmọ tirẹ̀. Oúnjẹ baálé ni wọ́n ń gbà ṣe láàárín ara wọn: ẹni tí oúnjẹ bá kàn ni yóò dáná fún un, àwọn orogún rẹ̀ yóò gbájú mọ́ òwò wọn. Bóyá ọjọ́ méjì méjì ni o, bóyá ọjà sí ọjà ni o, ilé kálukú ló ní ìlànà tirẹ̀, kò tó ohun tí à ń jà sí. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìró odó ló ń gba agbo ilé kan. Ẹnìkan á máa yọ iṣu gbígbóná nínú ìkòkò, àwọn méjì á dojú kọ ara wọn nídìí odó, ọmọ odó tọ̀hún á sọ̀kalẹ̀ bí tìhín ṣe ń gòkè, wọn ò ní kọlu ara wọn. Ọmọ mìíràn wà nídìí ọlọ tó ń lọ ata. Tí oúnjẹ bá délẹ̀, baálé á jẹ tirẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ á yí àwo kan ká, ẹ̀gbọ́n á pín ẹran.

Àwọn tó ń ṣàárò ayé àtijọ́ a máa ní ìyàwó ìgbà náà kì í ra oúnjẹ síta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ògì nìkan ń gba ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó kan. Obìnrin tó ń ná ọjà kò ráyè, nítorí náà ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kọ àti alákàrà ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń jẹun òwúrọ̀. Alẹ́ ni iná ilé ń jó. Ní ti pé ọkùnrin Yorùbá kì í dáná, ẹni tó bá ti sùn lóko rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn òpìtàn ti kọ ọ́ títí, àmọ́ wọn kì í mẹ́nu ba ohun tó ṣe fún odó. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó kàwé jáde ò padà sí agbo ilé. Ìbàdàn àti Èkó ló gbà wọ́n, nínú yàrá kan tàbí méjì, ọkọ, aya àtọmọ. Sítóòfù oníkẹrosíìnì wà lẹ́nu ọ̀nà, onílé ò sì fẹ́ gbọ́ ìró odó lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àmàlà tí ẹnìkan lè dá rò, ẹ̀bà tí omi gbígbóná tó fún, ìwọ̀nyí ló wá gba ipò iyán lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Ìrẹsì, tó jẹ́ oúnjẹ ọdún tẹ́lẹ̀, di ti ojoojúmọ́ nígbà tí owó epo rọ̀bì wọlé ní àwọn ọdún 1970.

Fìrísà ló wá yí ọ̀rọ̀ po: ìdílé ń kéré, ìkòkò ń tóbi. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì á lọ ọjà ní Sátidé, á gbé ata lọ sí ẹ̀rọ, á din ín, á bù ú sínú ike, á wá máa yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Bí iná bá lọ lọ́jọ́ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ á kan. Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù ò níṣòro yẹn.

Indomie wọ Nàìjíríà ní 1988, àwọn ọmọ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Gáàsì ti wọ́n, àwọn kan ti padà sídìí èédú. Àwọn ọkọ tó ń dáná ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń fi fóònù pe oúnjẹ wá sílé l'Ékòó.