Ìṣẹ̀dálẹ̀ Ìjọ Àgùdà ní Èkó, àti Ààlà tí ó Wà Láàárín Onígbàgbọ́ àti Onígbàgbọ́

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Nítorí náà, nígbàkigbà tí àwọn ọmọ Ìjọ Kátólíìkì bá ń ṣe ìrántí ọdún 1868, tí Fáda Pierre Bouche wá tẹ̀dó sí Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, Èkó arómi-sá-lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, ó yẹ kí ẹnì kan dìde láàárín wọn kí ó sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀sìn náà ti fìdí múlẹ̀ ní ìlú kí àlùfáà kankan tó wá máa gbé ibẹ̀, àti pé kì í ṣe òyìnbó ni ó gbé e wọlé.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ogun kó, tí a tà sókè òkun, tí wọ́n sì rí òmìnira gbà ní Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíl, ń padà bọ̀ wálé ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, pàápàá lẹ́yìn ọdún 1835, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá dìtẹ̀ ní ìlú Salvador, tí ìjọba ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí fura sí gbogbo aláwọ̀ dúdú tí kò sí lábẹ́ olówó kankan. Láti ọ̀nà kejì ni àwọn Sàró ń bọ̀, àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú agbami lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí a kó lọ sí Freetown, tí àwọn míṣọ́nnárì CMS ti ìjọ Áńgílíkà àti ti Wesley, ìyẹn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, sì kọ́ ní ìwé níbẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà lè pín sí ọ̀nà méjèèjì yìí: kí ẹ̀gbọ́n bọ́ sọ́wọ́ Potogí kí àbúrò sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí èkíní padà dé pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ rosari lọ́rùn, kí èkejì sì dé pẹ̀lú Bíbélì lábẹ́ abíyá. Olówógbowó ni àwọn Sàró kọ́lé sí, Pópó Àgùdà sì ni àwọn ará Bàhíà, tí à ń pè ní Àgùdà. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ní Èkó ìgbà náà, orúkọ ni a ń wò kí á tó mọ ṣọ́ọ̀ṣì tí ọmọ ń lọ: bí ó bá jẹ́ da Silva tàbí Pereira, Mísà ni yóò gbọ́ lọ́jọ́ ìsinmi, bí ó bá jẹ́ Macaulay tàbí Cole, ọ̀dọ̀ àwọn CMS tàbí Wesley ni kí a wá a lọ. (Ẹ má sì gbàgbé pé àwọn Àgùdà kan wà tí í ṣe Mùsùlùmí, tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ Potogí síbẹ̀.)

Nínú ìdíje àárín ìjọ méjèèjì, ìhà àwọn Sàró ni ó tètè gbára dì. Thomas Birch Freeman ti Wesley gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842. Henry Townsend ti CMS dé Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1843. Nígbà tí ó sì di 1852, CMS ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó fúnra rẹ̀. Àwọn ará Pópó Àgùdà kò ní àlùfáà, wọn kò ní bíṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ẹgbẹ́ kankan lókè òkun tí ń fi owó ránṣẹ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tí a ń pè ní Padre Antonio, ẹni tí ó ti ṣe ẹrú rí kí ó tó dòmìnira. A kò fi í jẹ oyè àlùfáà rí, àwọn ará àdúgbò ni ó fi orúkọ náà dá a lọ́lá, nítorí pé òun ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà, òun ni ó ń ṣe ìsàmì fún ọmọ tuntun, òun náà ni ó sì ń gbàdúrà lórí òkú. Nígbà tí Fáda Francesco Borghero, tí ó ti dé Ouidah ní ilẹ̀ Dàhòmì láti ọdún 1861, yọjú sí Èkó ní ọdún 1863, ìjọ tí ó ti wà ni ó bá. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí ni Bouche tó wá. Orúkọ Àjàyí Crowther, Sàró tí ó di bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà, wà lẹ́nu gbogbo ọmọ ilé-ìwé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n kí ni ó dé tí orúkọ Padre Antonio fi ṣe àjèjì létí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ gan-an?

Ìjà tí ó pín àwọn ará ilé méjèèjì yìí níyà kì í ṣe ìjà baba wọn. Ní ilẹ̀ Jámánì ni Martin Luther ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1517, ọba Henry Kẹjọ sì ya ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lábẹ́ Póòpù ní 1534, nígbà tí ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ káàárọ̀-oòjíire kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Ọ̀rọ̀ náà sì ní apá tí ó pani lẹ́rìn-ín: àwọn fáda ará Faransé ni ó wá ń fi èdè Potogí kọ́ ọmọ Yorùbá ní ìwé nínú ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì ń jọba lé lórí, títí tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi borí. Síbẹ̀ náà, ọwọ́ àwọn Àgùdà kò dilẹ̀. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre, ọ̀mọ̀lé ọmọ Bràsíl, ni ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross àkọ́kọ́ tí a ṣí ní 1881. Ọ̀mọ̀lé Àgùdà mìíràn, João Baptista da Costa, ni ó sì kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894, èyí tí ó fi hàn pé oníṣẹ́ ọwọ́ kì í bá ẹ̀sìn jà bí oníwàásù.

Ilé-ìwé ni ó sọ ààlà di ògiri. CMS dá Grammar School sílẹ̀ ní 1859, àwọn Wesley dá Methodist Boys' High School sílẹ̀ ní 1878, ṣùgbọ́n ó di 1928 kí àwọn Kátólíìkì tó dá St. Gregory's College sílẹ̀ ní Ọbáléndé. Nínú ọgbà ilé-ìwé wọ̀nyí ni àwọn ọmọdé ti kọ́ bí a ti ń fi ara ẹni ṣe yẹ̀yẹ́: àwọn kan a ní ère ni àwọn Àgùdà ń bọ, àwọn Àgùdà a dá wọn lóhùn pé ìjọ tí ọba dá sílẹ̀ nítorí àtifẹ́ ìyàwó ni tiwọn. Àwọn ọmọ CMS àti Wesley ní Bíbélì lódindi ní èdè Yorùbá láti 1884, wọ́n sì ń kà á kíkankíkan. Àwọn Àgùdà ń gbọ́ Mísà ní èdè Látìn títí di ẹ̀yìn ìpàdé Vatican Kejì, tí ó parí ní 1965.

Láti ìgbà náà ni yẹ̀yẹ́ ti rọlẹ̀. Póòpù Paul Kẹfà bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀ fún Michael Ramsey, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, ní 1966; ẹgbẹ́ CAN kó àwọn ìjọ Nàìjíríà jọ ní 1976; ní 1999, àwọn Lutheran àti Róòmù jọ tọwọ́ bọ̀wé lórí ìdáláre, ọ̀rọ̀ gan-an tí Luther tìtorí rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2013, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ilẹ̀ wa dá ìkópa wọn nínú ìgbìmọ̀ àpapọ̀ CAN dúró fún ìgbà díẹ̀.

Ibi méjì ni ògiri kò tíì wó, ibi tí ó kan ẹbí jù lọ sì ni. Èkíní ni tábìlì Oúnjẹ Olúwa. Póòpù Leo Kẹtàlá kéde ní 1896 pé asán ni ìfijoyè àwọn àlùfáà Áńgílíkà, a kò sì tíì fagi lé e; ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì kò fi lè jọ jẹun níbi tábìlì náà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọjá sọ́dọ̀ Róòmù, tí ó sì fẹ́ ṣe àlùfáà, a óò fi í jẹ bí ẹni tí kò jẹ rí, bẹ́ẹ̀ ni ìsàmì tí ó ti ṣe ní kékeré, a gbà á láìjiyàn. Èkejì ni ìgbéyàwó. Láti 1908 ni òfin Róòmù ti le mọ́ Kátólíìkì tí ó bá fẹ́ ẹni ìjọ mìíràn, tí àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ ṣèlérí pé ọmọ Kátólíìkì ni àwọn yóò bí; láti 1970, ẹni tí í ṣe Kátólíìkì nìkan ni ó ń ṣe ìlérí náà, a kàn ń fi tó èkejì létí ni, ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣe ìgbéyàwó náà láìgbàṣẹ bíṣọ́ọ̀bù. Lójú tèmi, ìlérí yìí ni ó ń da àna rú ju gbogbo àríyànjiyàn nípa Màríà lọ, nítorí ìyá àgbà tí kò bìkítà nípa Luther yóò bìkítà nípa ibi tí a óò ti sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Pópó Àgùdà àti ẹ̀yin ọmọ Olówógbowó, bí ìwé ìsàmì àti ìwé ìgbéyàwó àwọn baba ńlá yín bá ṣì wà nínú àpótí, ẹ kó wọn jáde, kí ìjọ méjèèjì sì jọ ṣe àdàkọ wọn kí ikán tó jẹ wọ́n tán. Kò ní ṣàìsí ẹbí tí yóò bá orúkọ tirẹ̀ pàdé nínú ìwé ìjọ kejì.