Láti Newtown dé Èkó: Ta Ní Ń Ṣí Ilẹ̀kùn fún Ọgbọ́n Tuntun?

Kí a tó máa pe àdúgbò kan ní Johannesburg ní Newtown, Brickfields ni wọ́n ń pè é, nítorí àwọn tálákà tí wọ́n ń mọ bíríkì níbẹ̀. Ìlú nílò bíríkì wọn, síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ rélùwéè fẹ́ ilẹ̀, wọ́n gba apá kan lọ́wọ́ wọn. Ní 1904, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀. Àwọn panápaná dáná sun àdúgbò náà, wọ́n sì kó àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Íńdíà lọ sí Klipspruit, tí ó di apá kan Soweto lẹ́yìn náà. Ọdún yẹn gan-an ni ibẹ̀ di Newtown. Ọjà ńlá dé ní 1913. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Jeppe Street tẹ̀lé e ní 1927. Ọgbọ́n tuntun dé, ṣùgbọ́n wọ́n ti lé àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ náà lọ.

Ìtàn kejì sún mọ́ wa. Ní 2001, MTN, ilé-iṣẹ́ Johannesburg tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1994, san mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ìwé-àṣẹ GSM ní Nàìjíríà. Òun àti Econet ń ka owó ìpè ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú: ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 san owó ìṣẹ́jú kan gbáko. Ní oṣù kẹjọ 2003, Globacom ti Mike Adenuga wọ ọjà pẹ̀lú ìṣirò ìṣẹ́jú-àáyá. Kò pẹ́ tí MTN náà fi tẹ̀lé e.

Ẹni tí ó pẹ́ dé ọjà ní láti gbé ohun tí àwọn aṣáájú kò tà sórí àtẹ. Ṣùgbọ́n Adenuga kì bá má tilẹ̀ dé ọjà. CIL, ilé-iṣẹ́ rẹ̀, borí nínú gbàǹjo 2001, ó sì pàdánù ìwé-àṣẹ náà nítorí pé kò san owó tó kù lásìkò. Ní 2002, ìjọba tún ṣí ilẹ̀kùn. Ó san mílíọ̀nù 200 dọ́là, ó wọlé.

Ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni ó ń fún ilé-iṣẹ́ lágbára ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìjọba ni ó ń pinnu ẹni tí yóò díje. Àwọn amọ-bíríkì Newtown kò rí àǹfààní kejì. Globacom rí i, àwa oníbàárà sì jèrè rẹ̀. Nígbà tí àwọn olóṣèlú bá tún ń ṣèlérí ọrọ̀-ajé orí íntánẹ́ẹ̀tì fún wa, ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n léèrè: ta ni ẹ fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún, ta ni ẹ sì fẹ́ tì í mọ́?