Ta Ni Yóò Forí Fá A? Àgbéyẹ̀wò "Do or Die" àti Àwọn Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì Ojoojúmọ́

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò àkànlò èdè mẹ́rin tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbà tí ọ̀ràn bá dójú ẹ̀: "do or die", "cross the Rubicon", "moment of truth" àti "make or break". A tọ orírun wọn lọ, a wo bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n lórí pápá, nídìí òwò àti nínú òṣèlú, a sì fara balẹ̀ wo "do or die" bó ṣe rí lẹ́nu àwọn ọmọ Nàìjíríà. Èrò wa ni pé ohun tó ya àwọn àkànlò yìí sọ́tọ̀ ni ẹni tí àdánù yóò já lé lórí.

Ìfáárà

Ní Nàìjíríà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìjọba, a fi ń kọ́ni nílé ìwé, a sì fi ń kọ ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn wa. Nítorí náà, àkànlò èdè rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò lọ́dọ̀ wa mọ́. Ó rọrùn láti to àwọn mẹ́rin yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ẹni pé ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n ní. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń há wọn sórí bẹ́ẹ̀, àwọn oníròyìn sì ń fi ọ̀kan dípò èkejì. Ìbéèrè mẹ́ta ni a fi yẹ̀ wọ́n wò: kí ni yóò sọnù? Ǹjẹ́ ọ̀nà àbọ̀ wà? Ta ni yóò forí fá a? Ìbéèrè kẹta ló so mọ́ ìyókù jù.

"Do or die": láti ojú ogun dé orí pápá

Robert Burns, akéwì ilẹ̀ Scotland, ló fi "do or die" parí ewì rẹ̀ "Scots Wha Hae" ní 1793. Nínú ewì náà, Ọba Robert Bruce ń bá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kojú ogun Edward Kejì ti England ní Bannockburn ní 1314. Kì í ṣe Burns ló dá a sílẹ̀, nítorí John Fletcher ti lò ó nínú eré "The Island Princess" ní 1621. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú ewì Alfred Tennyson nípa ogun Balaclava ti 1854 ló ti wá. Ṣùgbọ́n "and" ni Tennyson lò, kì í ṣe "or". Ọmọ ogun Bruce lè ṣẹ́gun tàbí kó kú. Àwọn ẹlẹ́ṣin Tennyson yóò ṣe ohun tí ọ̀gá pàṣẹ, wọn yóò sì kú sí i. Ohun kan pa méjèèjì pọ̀: ẹ̀mí ẹni tó ń jagun gan-an ló wà nínú ewu.

Lónìí, orí pápá ni àkànlò yìí ń gbé jù lọ lọ́dọ̀ àwọn ará Britain àti Amẹ́ríkà. Ó sábà máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ, wọn a sì fi àmì ìsopọ̀ kọ ọ́: "a do-or-die match", ìyẹn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ẹni tó bá fìdí rẹmi yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Ikú ti kúrò níbẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ nìkan ló kù. Àwọn alákòóso bọ́ọ̀lù pàápàá mọ̀ pé ẹ̀rù yìí ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní 1993, FIFA fi orúkọ "golden goal" rọ́pò "sudden death", ìyẹn òfin pé góòlù àkọ́kọ́ ní àfikún àkókò ló ń parí eré, torí pé orúkọ àtijọ́ kò dùn létí. Abẹ́ orúkọ tuntun yìí ni Nwankwo Kanu ti gbá góòlù tó mú kí Nàìjíríà fi mẹ́rin sí mẹ́ta lu Brazil ní ìdíje Olympics, ọjọ́ 31 oṣù keje, 1996.

Odò tí kò ṣeé padà sọdá

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 49 ṣáájú ìbí Kristi, Julius Caesar kó ọmọ ogun sọdá Rubicon, odò kékeré kan ní àríwá Ítálì. Odò náà ni ààlà láàrin ẹkùn tó ń ṣàkóso àti ilẹ̀ Ítálì gan-an, òfin Róòmù kò sì gba gómìnà láyè láti kó ogun kọjá rẹ̀. Bó ti sọdá báyìí, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàrin òun àti Pompey, alátakò rẹ̀. Ẹnì kan ló pinnu, gbogbo Róòmù ló sì forí fá a.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣe tó ti parí ni "cross the Rubicon" máa ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá sọ ọ́ láì gbẹ́sẹ̀ kò lò ó bó ti yẹ. Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, 1985 fi èyí hàn. Ní Durban, P. W. Botha, ààrẹ South Africa, sọ pé àwọn ń sọdá Rubicon lọ́jọ́ náà. Àwọn ènìyàn ti ń retí pé yóò kéde àyípadà ńlá, kó sì dá Nelson Mandela sílẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Owó rand já wálẹ̀, nígbà tó sì máa fi di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ìjọba rẹ̀ ti dá sísan gbèsè ilẹ̀ òkèèrè dúró. Ọdún 1990 ni Mandela tó jáde lẹ́wọ̀n.

Idà, káńtà àti ìdánwò

Ernest Hemingway ló jẹ́ kí "moment of truth" di mímọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, nípasẹ̀ ìwé rẹ̀ "Death in the Afternoon" ti 1932. Àwọn ará Spain ló ni ọ̀rọ̀ náà: ìgbà tí ẹni tó ń bá akọ màlúù jà gbé idà sókè láti gún un, tí ìwo ẹranko náà sì lè gún òun náà. Nígbà tí Jan Carlzon ń ṣe olórí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú SAS, ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ òwò: ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí oníbàárà bá òṣìṣẹ́ pàdé nídìí káńtà, tó sì fi mọ irú ilé iṣẹ́ tó jẹ́. Ìwé rẹ̀ lórí èyí jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1987. Ohun tó lè sọnù ti kéré gan-an, àmọ́ kókó rẹ̀ kò yí: ìgbà tí òótọ́ ń jáde ni, ẹni tí wọ́n ń dán wò ló sì ń jìyà rẹ̀.

"Make or break" yàtọ̀ ní ti gírámà. Ó lè ní àbọ̀: ìdánwò kan lè "make or break" akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè "do or die" ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ṣì ń lo "make or mar", tó jẹ́ ẹ̀yà tó pẹ́ jù ú lọ.

"Do or die" ní Nàìjíríà

Ní oṣù kejì, 2007, ní Abẹ́òkúta, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sọ pé ìdìbò oṣù kẹrin ọdún náà jẹ́ "do or die" fún òun àti ẹgbẹ́ òun. Ọ̀rọ̀ náà ta gbogbo ìlú lólobó. Àwọn aṣàkíyèsí láti ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé ìdìbò náà kò dójú ìwọ̀n, Umaru Yar'Adua tó wọlé pàápàá sì gbà níbi ìbúra rẹ̀ pé ó ní àbùkù.

Láti ìgbà náà, àyísódì ni àkànlò yìí fi ń gbé lẹ́nu wa: "politics is not a do-or-die affair". Ìdí rẹ̀ ń bẹ nínú ohun tí etí Yorùbá gbọ́. Ohun tí a fi ń pe irú òṣèlú bẹ́ẹ̀ ni ìjà àjàkú-akátá, tàbí bó o bá o pa á, bó o bá o bù ú lẹ́sẹ̀. Nínú ewì Burns, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lélẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá yìí, ẹlòmíràn ni wọn yóò pa, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni wọn yóò bù. Nígbà tí olóṣèlú bá pariwo "do or die", àwọn ará ìlú mọ̀ pé ọmọ tálákà tó ń ṣọ́ àpótí ìbò ló ṣeé ṣe kó kú, olóyè ẹgbẹ́ yóò sì sùn nílé rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìpè Ààrẹ Goodluck Jonathan sí Muhammadu Buhari, tó borí rẹ̀ nínú ìdìbò, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta, 2015, láti kí i kú oríire kí ìkéde èsì tó parí, fi ṣe pàtàkì. Jonathan ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ìfẹ́ òun sí ipò kò tó ẹ̀jẹ̀ ọmọ Nàìjíríà kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló gba àdánù náà sórí.

Ìkádìí

Kí olùkọ́ tó ń kọ́ni ní àwọn àkànlò yìí má ṣe dúró lórí ìtumọ̀ wọn nìkan. Kó fi ẹni tó ń forí fá a kún un. Bí ìrìn kò bá ní àbọ̀, "cross the Rubicon" ló yẹ. Bí ìdánwò bá fẹ́ fi òótọ́ hàn, "moment of truth" ni. Bí ohun kan bá lè gbé ènìyàn ga tàbí kó bà á jẹ́, "make or break" ni. "Do or die" tọ́ sí ẹni tí yóò fi ara rẹ̀ san gbèsè náà. Kí oníròyìn tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu olóṣèlú bi í ní gbangba pé ta ló ń rò pé yóò kú, kó sì tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde.